Ẹnu Mi Ló Ti Tega Mọ́lé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń darí orin nínú ìjọ yìí, ṣùgbọ́n mi ò gòkè wá kọrin lónìí. Ohun tí mo fi pamọ́ sínú ti ń jẹ mí dé egungun, mi ò sì fẹ́ gbé e dé iwájú Ẹlẹ́dàá mi. Ẹ má bú Ebere, aránṣọ tí a lé kúrò nínú ọgbà wa, mọ́. Ẹni tó fa ọlọ́pàá wá mú Oghenetega, èmi Kọ̀yà ni.

Gbogbo yín lẹ mọ Tega, wẹ́dà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi ní Ajégúnlẹ̀ níbí. Ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òjò yẹn tí àwọn ọmọkùnrin kan fi àdá wọ ọgbà wa. Abẹ́ tábìlì ni mo wà. Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́ tábìlì, èmi tí mo máa ń fi ohùn gíga gbàdúrà ààbò fún yín! Tega ló gbé ìbọn ìdọdẹ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ jáde, ó yìn ín sójú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn olè náà sì fo fẹ́ǹsì lọ. Ẹnikẹ́ni ò fara pa.

Ó yẹ kí n dúpẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń gbé wá bá mi, ẹnu ọ̀nà Tega ni wọ́n ń gbé e lọ. Lánlọ́ọ̀dù ní òun ni kó máa ṣe alága àwa ayálégbé. Ipò tèmi nìyẹn o. Àwọn ọmọdé ń ṣeré olè, Tinú tí mo bí nínú ara mi ń jà pé òun lòun máa ṣe Tega. Mo ní, "Ta ló máa ṣe Dádì Tinú?" Ó wò mí lójú, ó ní, "Dádì, ẹ̀yin ò sí nínú eré yìí." Gbogbo ọgbà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni mo fi rín in. Ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò, abọ́ Tega ni ìyàwó mi bù ú sí. Mo ní, "Ìyá Tinú, ẹran ta nìyẹn?" Ó ní, "Bàbá Tinú, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ jàre. Òun kọ́ ló wọ abẹ́ tábìlì."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi bí abẹ́rẹ́. Ẹ wo irú àgbà tí mo dà, tí mò ń bá aládùúgbò mi du ẹran!

Ìgbà tó yá, Tega fúnra rẹ̀ wá bá mi. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ gbígba ẹrù jáde ni mò ń ṣe ní èbúté Tin Can, pé ọ̀rọ̀ ìwé ìjọba kò ṣàjèjì sí mi. Ó na ìwé àṣẹ ìbọn náà sí mi, orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú ló wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Bros Kọ̀yà, ẹ bá mi wò ó. Popsi fi ìbọn yìí sílẹ̀ fún èmi àkọ́bí, gbogbo family gbà bẹ́ẹ̀. Ṣé ìwé yìí still dey work, àbí kí n gbé ìbọn náà lọ sí tẹ́ṣọ̀n?"

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i ní géètì pé kọ̀ńtẹ́nà tí ìwé rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn kì í jáde. Ẹbí lè pín ìbọn bí ẹní pín aṣọ òkú, òfin kò mọ ìyẹn. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ nìkan ló ni àṣẹ. Bó bá kú, ọlọ́pàá ló yẹ kí wọ́n gbé ìbọn náà lọ fún. Ká ní mo sọ òtítọ́, Tega ìbá ti gbé e lọ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí sí ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, "Àbúrò mi, ìwé yìí pé. Tọ́jú ìbọn rẹ." Ó dì mọ́ mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tírélà tó tò lọ bẹẹrẹ, mo pe ọlọ́pàá, mo sì júwe ilẹ̀kùn rẹ̀ fún wọn.

Wọ́n mú un, wọ́n sì fi í sí àhámọ́. Èyí tó burú jù kò tíì dé o. Perpetual, ìyàwó rẹ̀, ń ké nínú ọgbà pé, "Who do us this thing?" Ẹnì kan ní Ebere ni, nítorí òun àti Perpetual ti jà lórí okùn ìsáṣọ. Ebere ń búra, ó ń sunkún, ó yíjú sí mi: "Bọ̀ọ̀dá Kọ̀yà, èèyàn Ọlọ́run ni yín. Ẹ sọ fún wọn pé èmi kọ́!" Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo mi orí, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Orúkọ Rẹ̀ mímọ́ ni mo fi bo irọ́ mi! Ohun tí wọ́n fi dá a lẹ́bi nìyẹn. Wọ́n ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta nínú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbé ọwọ́ lé Perpetual lórí, mo gbàdúrà pé kí Olúwa tú àṣírí ọ̀tá rẹ̀.

Olúwa ti gba àdúrà náà lónìí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Perpetual jíṣẹ́ ọkọ rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Tega ní kí n kí yín, sà. Lọ́yà ń bi í ẹni tó sọ fún un pé ìwé náà pé, ó kọ̀, kò dárúkọ yín. Ó ní ire ni ẹ fẹ́ fún òun, wọn ò gbọdọ̀ fà yín wọ ẹjọ́." Ìdí nìyẹn tí mo fi gòkè wá síwájú yín lónìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbé owú jù sílẹ̀ kó tó kọ́lé sí yín nínú. Bí ìbọn bàbá yín bá sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ lọ bi òfin, ẹ má bi ẹni tí ń jowú yín. Ebere, n ó wá ọ títí n ó fi rí ọ, ojú gbogbo ọgbà ni n ó sì ti kúnlẹ̀ fún ọ. Ọjọ́bọ̀ ni ẹjọ́ Tega. N ó dúró níwájú adájọ́, n ó búra pé ó fẹ́ gbé ìbọn náà lọ, pé èmi ni mo tàn án jẹ. Bí wọ́n bá máa tì mí mọ́lé, kí wọ́n tì mí.

Perpetual, má dárí jì mí lónìí bí ọkàn rẹ kò bá gbé e. Nǹkan kan ni mo fẹ́ tọrọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un, mi ò lọ wò ó rí. Ojú rẹ̀ ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ èyí sí, kó má jẹ́ pé kóòtù ni yóò ti gbọ́. Bí o bá ń lọ wò ó lọ́la, jọ̀wọ́, mú mi dání. Mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀.