Gbohùngbohùn Tí Kò Gbàwé Àṣẹ

Wọ́n ní kí n gbàgbé. Àlùfáà ìjọ mi sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá tá a jọ ń tajà ní gáréèjì Okitipupa náà ò sinmi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí láràárọ̀. Ṣé wọ́n ti jókòó ti ọjà wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀ rí, kí àwọn oníbàárà tí wọ́n ti ń tà fún láti ìgbà ọmọge wọn máa gba ẹ̀yìn kọjá, kí wọ́n máa fọwọ́ bo imú? Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí. Inú mi kò tíì rọ̀, n kò sì ní tan yín jẹ pé ó ti rọ̀.

Pupuru ni mo ń ṣe. Ìyá mi ló fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, òun náà gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jìnnà sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹ̀gẹ́ la máa ń rẹ sómi títí yóò fi rọ̀, a ó gún un, a ó mọ ọ́n rogodo, a ó sì tò ó sórí àjà lókè iná títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Nígbà tá a bá fẹ́ lò ó, a ó ha dúdú yẹn kúrò, inú rẹ̀ á sì funfun báláú. Èèpo ẹkùrọ́ ni mo fi ń dáná, bí ìyá mi ti ṣe é. Epo tó ṣẹ́ kù sí i lára máa ń jẹ́ kí iná rẹ̀ mú dáadáa, ó sì máa ń mú kí èéfín rẹ̀ dúdú. Ọmọ Ìkálẹ̀ ò ní bi yín léèrè ohun tó ń jó. Àmọ́ ìlú wa ti kún fún tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba láti ibòmíràn, àwọn yẹn ò mọ èéfín kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Ọkùnrin kan wá láti Ìjù-Odò, ohùn rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo gáréèjì fi ń pè é ní Ohùn-Iyọ̀. Ó gbé òpó kan nàró, ó so gbohùngbohùn mẹ́rin mọ́ ọn, ó fi bátìrì ọkọ̀ gbé iná sí i. Ẹgbẹ́ àtíbàbà mi ló ri òpó náà mọ́, èmi náà ni mo sì fún un láyè, torí èrò tó máa wá gbọ́ ọ, wọn á ra pupuru. Ohunkóhun tó o bá gbé wá, á ké e: ewúrẹ́ tó sọnù, ìsìnkú ní Àyèká, ọmọkùnrin tó fẹ́ kí ọmọbìnrin kan mọ̀ pé òun ò rí oorun sùn. Láràárọ̀ ni mo ń bu oúnjẹ fún un. Mọ̀mí ló ń pè mí.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ó ké ti ewúrẹ́ tán, ó ní mọ́tò tó ń lọ sí Ode-Irele ku èrò kan péré. Ó wá wúkọ́. “Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ ń jẹ o! Ìyá kan ń ta pupuru nínú gáréèjì yìí. Èéfín dúdú ló ń jáde nílé rẹ̀. Táyà ọkọ̀ ló fi ń yan pupuru! Ẹni tó bá jẹ ẹ́, inú rírun ni! Ẹ mọ ẹni tí à ń wí.” Ó sì fi orin sí i.

Ìyá Ìlàjẹ kan, ẹni tó máa ń ra agbọ̀n pupuru mi lọ sí etí òkun, ti ki ọwọ́ bọ inú agbọ̀n nígbà yẹn. Ó yọ ọwọ́ náà. Ó wò ó. Ó nù ún mọ́ ara ìró rẹ̀.

“Ìyá Dúpẹ́, ṣé òótọ́ ni?”

“Ìwọ náà ń bi mí? Ìwọ tó o ti sùn nílé mi rí?”

“Èmi kọ́. Ẹ̀rọ ló sọ ọ́.”

Mo fò wọ inú àgọ́ kékeré tí Ohùn-Iyọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ òpó náà. Abọ́ tí mo fi bu pupuru fún un láàárọ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀, ó ti lá a mọ́.

“Ta ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn wá?”

“Mọ̀mí, ẹ má bínú. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ẹnu lásán ni mo jẹ́.”

“Mo ní ta ló gbé e wá?”

“Wọ́n fi ránṣẹ́ ni. Èmi kì í béèrè orúkọ. Bí mo bá ń béèrè orúkọ, ta ni yóò wá?”

“O jẹ ẹ́ láàárọ̀ yìí. Ṣé inú ń run ọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tiwọn ni wọ́n sọ, Mọ̀mí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n ké tiyín náà, ẹ sanwó bí tiwọn. Màá tiẹ̀ fi orin sí i fún yín.”

Ẹ̀rín yẹn! Bó bá jẹ́ pé ó bẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má le tó báyìí. Kí oṣù náà tó parí, pupuru kún orí àjà mi, kò sí ẹni tó rà á. Àwọn tó mọ èèpo ẹkùrọ́ dáadáa, tí wọ́n ń fi í dáná nílé tiwọn, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé táyà ni. Kí lèèyàn lè bá ẹni tó gbàgbé ohun tó wà nínú àdògán rẹ̀ sọ?

Mo lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀gá kan tó jẹ́ ará Èkìtì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi títí dópin. Ó ní òfin wà. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi gbohùngbohùn kéde ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ní gbangba gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ kó sì gbàwé àṣẹ. Ẹnìkan nínú ìlú gbọ́dọ̀ dúró fún un. Oníkéde náà gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àti ilé ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wá, bí ọ̀rọ̀ bá sì já sí irọ́, ẹ̀rọ tó ké e náà ló máa ké e pa dà. Ohùn-Iyọ̀ ò ṣe ìkankan nínú wọn.

“Ó ku ọ̀kan,” ni ọ̀gá náà wí. “Ẹni tó sún mọ́ òpó náà jù gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé pé òun gbà. Bí kò bá gbà, kò sí ìwé àṣẹ. Ta ló sún mọ́ ọn jù?”

“Èmi ni.”

Ó gbé bíírò sílẹ̀. “Ẹ̀yin?”

“Òpó náà kan àtíbàbà mi.”

“Ẹ máa lọ sílé, Mọ̀mí,” ló wá wí. “Yóò wá bá yín.”

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá tú gbohùngbohùn náà sílẹ̀, wọ́n kó o lọ. Ohùn-Iyọ̀ wá lóòótọ́. Ó kọ́kọ́ dá wá, lẹ́yìn náà ó mú ìyá rẹ̀ wá, lẹ́yìn náà ó mú alága gáréèjì. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eérú mi.

“Mọ̀mí, mo ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, ọwọ́ yín lórí ìwé yìí nìkan ló kù.”

“Ọwọ́ lásán ni mo ní. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ dà?”

“Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ló ń sọ. Mo rí i lójú rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n, kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé. Bó bá dárúkọ ẹnìkan, ǹ bá mọ ilé tí mo máa kọjú sí. Ní báyìí, gbogbo obìnrin tó bá kí mi ní gáréèjì ni mò ń wò lẹ́nu. Nítorí náà mo ní kó lọ fi ẹnu rẹ̀ lásán ké e pé irọ́ lòun pa mọ́ mi. Ó ké e ní Okitipupa, ó ké e ní Àyèká, ó ké e ní Ìjù-Odò lójú àwọn ẹbí bàbá rẹ̀. Èmi wà lórí ọ̀kadà lẹ́yìn rẹ̀, mo ká apá mi sí àyà. “Ké e sókè!” ni mò ń wí. “Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ!” Ohùn tó dùn yẹn há títí ó fi dà bí ti àkùkọ tó ń ṣàìsàn. Ìyá rẹ̀ sunkún. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

Àmọ́ kí ló tibẹ̀ jáde? Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín ni. “Ìyá Dúpẹ́ ti fún un lówó kó lè sọ bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n ń wí. Ìyá Ìlàjẹ mi kò pa dà.

“Mo ti ké e, Mọ̀mí. Ẹ buwọ́ lù ú.”

“Mo ní kó o ké e. Ìgbà wo ni mo ní màá buwọ́ lùwé?”

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ kékeré kan sọnù lọ́jọ́ ọjà. Ìyá ọmọ náà ń sáré kiri, ó ń pariwo orúkọ rẹ̀, kò sí gbohùngbohùn tó máa bá a ké e. Àṣáálẹ́ ni wọ́n tó rí ọmọ náà lọ́dọ̀ awakọ̀ kan ní Ode-Irele. Ìyá rẹ̀ wá dúró níwájú agbọ̀n mi pẹ̀lú ọmọ náà lẹ́yìn. “Ìbínú rẹ yìí ì bá pa mí lọ́mọ,” ló wí, ó sì yípo lọ. Mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà, àmọ́ mi ò tíì buwọ́ lùwé náà. Ìwé tí Ohùn-Iyọ̀ gbé wá ṣì wà nílé mi. Wọ́n ní bí ọdún yìí bá parí tí mi ò buwọ́ lù ú, Ohùn-Iyọ̀ á kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Okitipupa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, mo mọ̀ pé ẹ ti ní ìmọ̀ràn lẹ́nu. Ẹ fẹ́ sọ pé kí n dárí jì í, torí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni. Kò burú, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, màá kà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ yín àti ilé yín sí i.