Ọjọ́ tí Ìyá Mi Da Omi Àdúrà Sórí Àpótí Gìtá

Nígbà tí apá mi ṣì le, tí mo ṣì lè gbé gìtá kọ́rùn láti àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi títí di ìrọ̀lẹ́ láì wá àga... Tòmíwá, gbé ife yẹn kúrò lórí àpótí yẹn ná. Gbé e kúrò. Mo mọ̀ pé ó jọ tábìlì lójú yín. Kì í ṣe tábìlì. Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí ẹ ti Ọyẹ́ dé pẹ̀lú sípíkà kékeré nínú àpò, èyí tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ láìsí wáyà, ẹ ò lè mọ ohun tí àpótí yìí jẹ́ nínú ilé yìí. Ẹ jókòó. Ẹ gbọ́.

Tíṣà ni mí nígbà yẹn ní Ìrèlè níbí. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́. Tó bá wá di Ọjọ́ Ìsinmi, èmi ni mo ń ta gìtá ní ìjọ aládùúrà wa. Gìtá oníná ni o, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó máa gbé ohùn rẹ̀ jáde. Mo kàn ń họ wáyà lásán ni. Bí àwọn onílù bá ti bẹ̀rẹ̀, ó parí fún mi. Èmi pàápàá kì í gbọ́ ara mi.

Mo bẹ ìjọ títí kí wọ́n ra ẹ̀rọ fún mi. Baba Dúrù kò gbà. Bàbá àgbà tó ń tẹ dúrù fún wa ni, Baba Dúrù la sì ń pè é. Ó ní, "Tíṣà, gìtá kì í ṣe nǹkan ilé Ọlọ́run. Ilé ẹlẹ́mu ni mo ti mọ̀ ọ́n." Ta ló wá gbà mí sílẹ̀? Ìyá mi ni. Òun ni olórí àwọn obìnrin aládùúrà, Ìyá Àdúrà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ fún wọn pé ọmọ òun fẹ́ fi gìtá yin Ọlọ́run, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó ya odi. Bí ìjọ ṣe ra àpótí yìí nìyẹn.

Kọ́ńbò ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é. Ohun tó fà á ni pé ẹ̀rọ àti sípíkà jọ ń gbé inú àpótí kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ wà lókè, òun ló ń gba ohùn gìtá, tó ń sọ ọ́ di ńlá. Sípíkà wà nísàlẹ̀, òun ló ń pariwo rẹ̀ síta. Inú mi dùn débi pé mo sùn tì í ní alẹ́ tó dé. Ìyàwó mi ní òun ti ní orogún.

Ó wá di ọjọ́ ìyàsímímọ́. Láyé ìgbà yẹn, kò sí nǹkan tuntun tí a kì í ta òróró sí. Ọ̀kadà, ẹ̀rọ ìránṣọ, kódà àdá oko. Ìyá mi wọ aṣọ funfun, ó mú ìgò òróró lọ́wọ́ kan, ó mú omi àdúrà lọ́wọ́ kejì. Èmi ńkọ́? Mo ti gbé gìtá kọ́rùn, mo ti ti wáyà bọ̀ ọ́, mo sì ti tan iná sí i. Ẹ fetí sí ibẹ̀ yẹn o. Mo ti tan iná sí i. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe Àmín báyìí, kí gìtá dáhùn.

Ìyá mi ta òróró. Ó gbàdúrà, òógùn bò ó. Ayọ̀ pọ̀ lára rẹ̀. Ló bá da omi àdúrà lé e lórí, kò wọ́n ọn o, ó dà á ni. Omi náà gba ihò tó wà lẹ́yìn wọlé. Ó dún pàà! Èéfín yọ. Iná ojú rẹ̀ kú.

Ká ní Baba Dúrù rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn rọra sọ ọ́ pé, "Ọlọ́run ti dáhùn." Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Ọwọ́ Ìyá Àdúrà mà le o... Ohun tó fọwọ́ kàn ló jóná yẹn... Mo gbọ́ ọ. Ìyá mi náà gbọ́.

Ó délé, ó bọ́ aṣọ funfun, ó ká a, ó tì í sábẹ́ àpótí aṣọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi tí òjò kì í dá dúró! Bí àwọn ìyá ọlọ́mọ bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá, á ní, "Ẹ gbé e lọ sí ulé ẹlòmíì. Ọwọ́ mi ti tan uná." Ulé ló ń pe ilé, uná ló ń pe iná, ìyá mi kì í fi èdè ìwé sọ̀rọ̀. Oúnjẹ kò wọnú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí bà mí. Àpótí tó bàjẹ́ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù mọ́, ìyá mi ni.

Mo so àpótí mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó di Ìkọ̀lé. Súlè ni mo lọ bá, tó ń tún rẹ́díò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù páànù kan nítòsí mọ́ṣáláṣí. Ẹ ò tíì rí irú rẹ̀. Kì í kọ́kọ́ wo nǹkan, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ ni. Ó tú ẹ̀yìn àpótí, ó ti imú bọ inú rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, omi. Ṣé iná wà lára rẹ̀ nígbà tí omi wọlé?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀.

Ó wojú mi. "Ká ní kò sí iná lára rẹ̀ ni, oòrùn ọjọ́ méjì ni à bá sá a sí. Ta ló tan iná?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìyá mi ti fi ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, mi ò sì la ẹnu mi. Ìtìjú ni. Mo délé lọ́jọ́ náà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ fún un. Ṣé ó gbà mí gbọ́? Ó ní, "O fẹ́ tù mí nínú ni. O ṣeun, ọmọ mi." Ó kọjú sí ògiri. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Súlè. Ó ní, "Orí ló kú, ẹnu kò kú." Ẹ̀rọ ló pè ní orí, sípíkà ló pè ní ẹnu. Ohun tó jóná nínú ẹ̀rọ náà, Èkó la ti máa rà á, kò sì sí fóònù àpò bíi ti ìsinsìnyí, awakọ̀ la ó fi lẹ́tà rán. Ó lè gba oṣù mélòó kan. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù sí ìkórè wa. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì Súlè bí ẹni tí wọ́n lù.

Ó ń họrí. Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ìjì ti ya ìwo ohùn tí mọ́ṣáláṣí wa fi ń pe ìrun bọ́ láti orí òrùlé. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń wò bọ̀ọ̀. Tiwa lórí, kò lẹ́nu. Tiyín lẹ́nu, kò lórí."

Ó mú irin ìjólẹ́ẹ̀dì, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà pọ̀, ó yọ ahọ́n síta bíi ti ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkọ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó gé wáyà tó so sípíkà mọ́ ẹ̀rọ tó kú. Ó lu ihò kékeré kan sẹ́yìn àpótí, ó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí i. Ó ní, "Bí o bá ti wáyà ẹ̀rọ mìíràn bọ ibí, sípíkà á máa gbọ́ ti àlejò. Bí o bá yọ ọ́, á padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́jọ́ tó bá jí. Bí ìyàwó tó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ni." Ó wọn sípíkà náà, ó ní ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí lágbára ju ọ̀fun rẹ̀ lọ, ó lè fà á ya. Ló bá fi kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó rẹ̀ fa ìlà pupa sára bọ́tìnì ẹ̀rọ náà. "Ẹ ò gbọdọ̀ yí i kọjá ibí o."

A lọ bá Baba Lèmọ́mù. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣé wọ́n á fi ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí kọrin ìkórè? Bàbá náà béèrè ohun kan ṣoṣo. "Ṣé ó máa padà kó tó di Jímọ̀?" A ní ó máa padà, àpótí wa pàápàá á sì tẹ̀ lé e wá kí wọ́n lè fi ṣe wáàsí. Bàbá ní, "Ẹ̀rọ kì í kírun, Súlè. Gbé e fún wọn."

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ ìkórè. Mo ti gbé àpótí padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Súlè gbé ẹ̀rọ náà lé itan lórí ọ̀kadà láti Ìkọ̀lé. Mo rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Rárá o, ilé wa ló kọ́kọ́ yà. Ìyá mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Súlè dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ìyá, èmi ni mo fẹ́ lọ so ẹ̀rọ yẹn. Mo wá kẹ́ ẹ gbàdúrà sọ́wọ́ mi."

Ìyá mi kò gbójú sókè. "Ṣé wọn kò sọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe fún ọ ni?"

"Wọ́n sọ fún mi. Èmi náà ni mo tú u, mo rí i. Òróró yín kò ṣe é ní nǹkan kan. Omi àti iná ló pàdé, Tíṣà ló sì tan iná. Ìyá, ẹni tó ń lọ sódò ló ń fọ́ agbè. Ẹni tí kò lọ ńkọ́, kí ló fẹ́ fọ́?" Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú rẹ̀. Àpá iná irin ìjólẹ́ẹ̀dì kún ìka rẹ̀. "Òróró nìkan o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi sí i."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín! Ẹ wò ó, omi bọ́ lójú mi. Ó dìde, ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa jáde, aṣọ funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó kán òróró sí àtẹ́lẹwọ́ Súlè méjèèjì, ó ní, "Uná kò ní jó ọ mọ́. Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ulé rẹ kò ní ṣófo." Súlè ní, "Àmín." Àmín tirẹ̀ àti Àmín tiwa, èwo ló gùn ju èkejì lọ?

Gìtá dún lọ́jọ́ náà. Ó dún, ìlù kò bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá mi ló síwájú ijó. Baba Dúrù jókòó fún orin àkọ́kọ́, nígbà tó di ìkejì, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó ní, "Ohùn wo lo wà? Jẹ́ kí n bá ọ lọ."

Ohun tí a retí láti Èkó dé nígbà tó yá, Súlè jí orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò di sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àpótí yìí fi ń ṣe iṣẹ́ méjì, ó ń bá wa kọrin, ó sì ń ṣe ẹnu fún ẹ̀rọ mọ́ṣáláṣí nígbà wáàsí, kí ìjọ tó fi í sílẹ̀ fún mi. Ìyá mi náà padà sẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi mọ́. Àmọ́ bí ẹ bá gbé nǹkan wá fún un láti ta òróró sí, á kọ́kọ́ béèrè, "Ṣé uná kò sí lára rẹ̀?" Kódà bó jẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere.

Ọjọ́ tí a sin ín, Súlè wá. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó kàn na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí mi, ó ní, "Tíṣà, wò ó. Láti ọjọ́ yẹn, iná kò jó mi mọ́."

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ìdí nìyẹn tí iṣu tuntun mi kì í ṣáà ṣàìdé Ìkọ̀lé lọ́dọọdún. Ẹ̀yin ìwòyí, bí ẹnì kan bá ṣe àṣìṣe, fóònù lẹ kọ́kọ́ ń gbé síta, ẹ ó yà á, ẹ ó fi ránṣẹ́ káyé. Mi ò bú yín o. Èmi náà dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó... ta ló tún kù láyé yìí tó máa na ọwọ́ ara rẹ̀ sí ẹni tó ba nǹkan jẹ́, táá ní kó súre fóun?

Hẹn. Tòmíwá, sún mọ́ ọn. Fọwọ́ kàn án lókè níbí, ibi tó ṣú yìí. Òróró rẹ̀ ni. Ẹ má nù ún.