Olórin Fẹ̀nísì Tí Mo Pa

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní fáyólìn, oníṣègùn ti ní kí n má fọkàn sí ìkórè tó ń bọ̀, nítorí náà òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi wàyí. Mo pa èèyàn kan. Mo tún jókòó níbi ìsìnkú rẹ̀, mo ta fáyólìn fún un.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ eléré láàfin, ọba wa rìnrìn àjò lọ sí Fẹ̀nísì, ìlú kan ní Ítálì. Bó ṣe dé báyìí, orin ilé kò wọ̀ ọ́ létí mọ́. Ọ̀gá Kötschau, olórí àwa eléré, á kọ orin tuntun, ọba á máa yán. "Ṣé kò sí ti Fẹ̀nísì ni?" Èmi náà, ká má parọ́, orin Fẹ̀nísì ti kó sí mi lórí: fáyólìn kan ṣoṣo á sáré síwájú, gbogbo ìyókù á gbá tẹ̀ lé e, inú mi á máa dùn ṣìnkìn. Ni mo bá kọ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ orin èmi Lebrecht ọmọ apọntí? Mo kọ Bassadonna, orúkọ tí mo hùmọ̀ fúnra mi, sí i lórí, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ránṣẹ́ láti Fẹ̀nísì. Irọ́ gbuu! Ọba fò dìde. "Ẹ tún un ta!" Kò pẹ́, Bassadonna ń kọ orin ju gbogbo àwọn tó wà láàyè lọ.

Lọ́jọ́ kan ọba pè mí. "Lebrecht, ránṣẹ́ sí ọkùnrin yẹn kó wá gba ipò Kötschau. Ó tó kí arúgbó náà lọ sinmi." Ilé tí Ọ̀gá ń gbé, ipò ló ni ín, Regina ọmọ rẹ̀ tí mo nífẹ̀ẹ́ sì wà níbẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n di aláìnílé. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé mi kúrò nílùú. Ojo ni mí. Mo wọ aṣọ dúdú, mo padà lọ bá ọba.

"Kábíyèsí, Bassadonna ti kú. Ibà ló pa á."

Ọba sunkún! Ó ní kí Ọ̀gá Kötschau kọ orin ìdárò fún òkú tí ìyá kankan kò bí. Ọ̀gá kọ ọ́ lọ́nà Ítálì tó ti ń bú látọjọ́ yìí, ó sì dùn ju gbogbo ti Bassadonna lọ. Bí a ṣe ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọ̀gá fi aṣọ ìnujú bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ojú tì mí gan-an. Ọba ní, "Kí la tún ń wá lọ sí Fẹ̀nísì? Kötschau, dúró sí ipò rẹ." Ọdún yẹn náà ni Ọ̀gá fún mi ní Regina. Ọ̀gá kú, n kò sì sọ fún un.

Àná ni mo ka ọ̀rọ̀ yìí dé ibí fún Regina. Ẹ̀rín pa á títí ó fi di tábìlì mú.

"Bàbá Doris, o ṣì rò pé ẹkún ni Bàbá ń sun ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀rín ló ń rín! Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti mọ̀. Ó ní ibi tí orin bá ti ń lọ jẹ́jẹ́, ará Ítálì á kọ ìwọ̀nba ohùn gbọọrọ, ẹni tó ń ta á ló máa fi àwọn ohùn kéékèèké ṣe ọ̀ṣọ́ tirẹ̀ sí i. Ìwọ kọ gbogbo ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ pátá! Ó ní, 'Ọmọ ìlú wa nìyí, kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni.'"

"Kí ló dé tí kò fi tú mi fó?"

"Ó ní orin náà dùn. Ó sì ní ẹni tó lè pa èèyàn kí ilé má baà bọ́ lọ́wọ́ wa, kí n yáa fẹ́ ẹ."

Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ẹ bá tún fẹ́ ta orin Bassadonna, ẹ fa igi lé gbogbo ọ̀ṣọ́ tí mo kọ síbẹ̀, kí ẹ fi tiyín sí i. Mo fọkàn tán yín.