Àmì Mẹ́ta Lórí Ìbọn Abdulghani

Ọ̀rọ̀ tí Àlàájì Salaudeen gbé mì ní Jeddah, Mẹ́kà ni ó ti bì í. Nínú yàrá kan tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń gbà ní àdúgbò Jarwal ni, lẹ́yìn ìrun Àílà, níwájú obìnrin méjì. Ọ̀kan ni Kulthum, àbúrò rẹ̀ tí ó ti Ìwó wá. Èkejì ni Jelilat, ìyàwó Mustaqeem tí ó wà lẹ́wọ̀n, tí idà ń dúró dè. Salaudeen kò sunkún, kò sì gbé ohùn sókè. Ó ní kí àwọn méjèèjì jókòó, pé òótọ́ kan wà tí òun ní láti sọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, nítorí pé lọ́la ni Kulthum yóò dúró níwájú adájọ́ ní Jeddah, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni yóò sì pa Mustaqeem tàbí kí ó dá a sí.

Bí òfin ilẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn, ọwọ́ ẹbí òkú ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Naheem, ọmọ Kulthum, ni ìbọn Mustaqeem pa. Naheem kò ní baba láyé mọ́, kò sì tíì gbéyàwó, ìyá rẹ̀ nìkan ni ó ni ẹjọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Jelilat ti kúnlẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. "Àlàájà, ẹ wo ojú Ọlọ́run." Kulthum dá a lóhùn pé, "Ojú Ọlọ́run náà ni mò ń wò. Wọ́n ní àmì orí ìbọn yẹn hàn kedere, afọ́jú nìkan ló lè ṣì í. Ṣé afọ́jú ni ọkọ ẹ?" Gbólóhùn yẹn ni ó gún Salaudeen dé egungun, nítorí ẹnu òun gan-an ni ó ti kọ́kọ́ jáde.

Aago ni Salaudeen ń tún ṣe. Ilé ìtajà wúrà Abdulghani wà ní Al-Baghdadiyah ní Jeddah, òkè ibẹ̀ ni yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà, òun ló sì mú Naheem wá láti Ìwó kí ó máa ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Abdulghani ní ìbọn ìléwọ́ kan tí ó gba ìwé àṣẹ lé lórí. Mustaqeem, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, ni ó máa ń gbé e. Àmì irin tí wọ́n fi ń fojú sun nǹkan lórí ìbọn náà kì í hàn mọ́ bí ibi bá ti ṣókùnkùn díẹ̀. Lọ́dún 1996, Abdulghani ti ìrìn-àjò dé pẹ̀lú oríṣi méjì irú àmì tó ń tàn fúnra rẹ̀: gíláàsì tín-ín-rín, ẹyọ kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Ẹni tó ń fojú sun nǹkan gbọ́dọ̀ rí ti iwájú ní àárín méjì tẹ̀yìn. Nínú oríṣi kìn-ín-ní, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ àwọ̀ ewé. Nínú èkejì, ti iwájú jẹ́ àwọ̀ ewé, àwọn tẹ̀yìn jẹ́ àwọ̀ ìyeyè.

"Yā Salaudeen," ni Abdulghani wí, "ìwọ lo mọ ohun tó ń tàn nínú òkùnkùn. Èwo ni kí a mú?"

Mustaqeem, tí kò lè ṣe kó má ṣẹ̀fẹ̀, sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Àlàájì, ẹ fún mi ní aláwọ̀ méjì o. Ojú mi ti ń darúgbó. Mo máa ń kí ọ̀tá mi dáadáa kí n tó mọ̀ pé òun ni."

"Ṣé ìbọn lo fẹ́ gbé ni, àbí léèsì lo fẹ́ rà fún ìyàwó ẹ?" ni Salaudeen fi dá a lóhùn. "Ojú aago kì í ní àwọ̀ méjì. Ohun tó bá dọ́gba ni ojú máa ń tètè kà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àwọ̀ ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n mú. Àṣìṣe aláago ni. Nọ́ńbà ojú aago kì í ṣípò. Àmì orí ìbọn a máa bá ọwọ́ ẹni tó dì í mú ṣípò. Kì í ṣe pé Salaudeen kò padà mọ̀. Nígbà tí ó de àwọn àmì náà tán, ó gbé ìbọn náà, láìsí ọta nínú rẹ̀, wọ yàrá ìkẹ́rùsí tí kò ní fèrèsé. Ó pa iná, ó fojú sun aago kan tó ń tàn lára ògiri. Ó rí àmì mẹ́ta lórí ìlà kan, ó dá a lójú pé aago ni òun ń wò. Láìmi ọwọ́, ó tan iná. Ẹnu ìbọn kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lápá òsì aago. Àmì iwájú ti yọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe jọra wọn, ojú rẹ̀ kò dá a mọ̀. Ó ti fọ́nnu níwájú ọ̀gá, ó ti fi ẹ̀ṣọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti oríṣi kejì bọ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó gbé ìbọn sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Ó ti dára." Òun fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn obìnrin náà pé ibẹ̀ ni òun ti di apànìyàn, kí ẹnikẹ́ni tó yìnbọn.

Láìpẹ́ sígbà náà, Mustaqeem àti Naheem jà lórí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí Naheem gbàgbé láti tì. Mustaqeem pariwo létí gbogbo èrò ọjà pé, "Ojú ẹ máa rí nǹkan lọ́jọ́ kan!" Ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni, wọ́n jọ jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ ìbínú kò sí níbi oúnjẹ.

Nígbà tí wọ́n pe Mọ̀gáríbì lọ́jọ́ burúkú yẹn, wọ́n ti ìsọ̀ bí gbogbo ọjà ṣe máa ń tì í fún ìrun, wọ́n pa iná. Olè kan ti fara pamọ́ sínú. Naheem padà wọlé láti mú fìlà rẹ̀, ó bá a lórí àpótí wúrà, ó figbe ta. Mustaqeem wọlé. Ó rí òjìji olè tó gbé irin sókè, ó fojú sùn ún, ó rí àmì mẹ́ta lórí ìlà kan, ó yìnbọn. Naheem tó dúró lápá òsì olè, bí Mustaqeem ṣe kọjú sí wọn, ni ó ṣubú. Olè gba ẹ̀yìn sá lọ, kò sì sí ẹlòmíràn tó rí i.

Bí Salaudeen ṣe sọ̀kalẹ̀, Abdulghani ti dé. Ó ti ìbọn náà sí i lọ́wọ́, ó ní, "Wò ó, ṣé ó ní àléébù?", ó sì jáde lọ pe àwọn shurta, ọlọ́pàá ilẹ̀ náà. Salaudeen gbé e gòkè. Ó fi òòlù kékeré lu àwọn àmì ẹ̀yìn jáde, ó sì fi aláwọ̀ ìyeyè rọ́pò wọn. Nígbà tí àwọn shurta bi í bóyá ojú lè ṣi irú àmì bẹ́ẹ̀, ó ní, "Àfi ojú afọ́jú." Mustaqeem wo ìbọn náà. Ó ní, "Àlàájì, ṣé àwọ̀ tó wà lórí ẹ̀ nìyẹn?" Abdulghani ní òun kò rántí èyí tí wọ́n mú mọ́.

Títí di ibi yìí, Kulthum ń tẹ tẹ̀sùbáà rẹ̀, kò wòkè. Jelilat ti fi ìbòrí bo ẹnu. Salaudeen ní ó ku ọ̀kan, òun sì ni ó burú jù.

"Kí n tó gbé ìbọn gòkè, mo kúnlẹ̀ ti Naheem. Ó sọ̀rọ̀, èmi nìkan ni mo sì gbọ́."

Tẹ̀sùbáà dúró. "Ó sọ̀rọ̀? Ẹ sọ fún mi pé kò sọ̀rọ̀. Mo bi yín lórí tẹlifóònù, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo bi yín léraléra."

"Ó ní, 'Kì í ṣe èmi ni Bọ̀ọ̀dá Mustaqeem fojú sùn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n nà án.' Bí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á bi mí pé kí ló wá ṣe ìbọn."

"Kò pè mí?"

"Ó pè ọ́. Ó ní kí n sọ fún Màámi pé kò dun òun púpọ̀."

Jelilat ni ó sunkún. Kulthum kò sunkún. Ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó dìde, ó fa Jelilat sókè. Ó ní, "Ọmọ mi ti dárí ji ọkọ ẹ, kí ló kù lọ́wọ́ mi?" Ó kọjú sí Salaudeen. "Lọ́la, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, èmi màá sọ ọ́."

Salaudeen sọ ọ́. Mustaqeem jáde, Salaudeen wọlé. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni Salaudeen máa ń bi í ní ọgbọ́n iṣẹ́. Ohun tó ń wí fún wọn kò pọ̀: kí ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ tó kù díẹ̀ káàtó sọ pé òun ṣì í, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì jẹ́ ìtìjú lásán, kó tó di òkú.

Kí Kulthum tó wọ ọkọ̀ òfuurufú padà, ó wá kí i. Salaudeen tọrọ àforíjì. Kulthum ní, "Ẹ jẹ́ kí n délé ná. Ẹ jẹ́ kí n wọ yàrá rẹ̀, kí n rí ibi tó máa ń sùn. Bí mo bá lè jáde níbẹ̀ láìgbé yín ṣépè, màá ránṣẹ́ sí yín."

Iṣẹ́ náà kò tíì dé. Salaudeen ní ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yà sí Ìwó, kí ó bá òun bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kán an lójú.