Àdín Tí Mo Dà Sínú Alùpùpù Mẹ́tìrì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó tán. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti gbé e mọ́ra. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi títí ó fi kú, mi ò sì sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé àwọn ọkùnrin méjì tí mo ṣẹ̀ ti di arúgbó, ara ọ̀kan nínú wọn kò sì yá. Bí wọ́n bá lọ, ta ni mo fẹ́ bẹ̀?

Obìnrin ni mí. Àdúgbò Djègan-Kpèvi ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ààlà Nàìjíríà, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo kọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ìránṣọ mi bá ti há, ẹ̀rọ náà ló máa ń wù mí ju aṣọ lọ. Títú ni mo máa ń tú u wò. Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sórí alùpùpù àtijọ́. Èyí tí wọ́n bá ti jù sẹ́yìn ilé, tí ó ti dípẹtà, ni mo máa ń tọrọ. Màá gbé e wá sí àgbàlá wa, màá tú u palẹ̀, màá fi epo àtùpà fọ irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì tò ó padà títí yóò fi dáhùn. Kì í ṣe gígùn ún ló dùn mọ́ mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo ń fẹ́ mọ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé ojúmìító ni yóò pa mí.

Àwọn èèyàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí ọ̀rá ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni olùkọ́ kan ní àdúgbò Dowa, ọmọ Àgùdà, tí gbogbo wa ń pè ní Mẹ́tìrì, bí a ṣe ń pe olùkọ́ nígbà náà. Ó ní alùpùpù dúdú kan tí bàbá rẹ̀ rà lọ́wọ́ Faransé kan kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táńkì ni ọ̀pá jíà rẹ̀ wà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án àfi èmi. Ojú àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín ló ti máa ń sọ pé ọmọbìnrin yìí mọ iṣẹ́. Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jẹ́ fún mi.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba, tí rédíò ń pariwo ìyípadà láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo èèyàn di kámárádì. Mẹ́tìrì kò mọ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́. Ó sọ ohun kan nípa ìjọba níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì rìn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ti alùpùpù náà wá sí ilé wa, ó ní òun fẹ́ kọjá sí Nàìjíríà fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Má tú u o, ọmọ mi. Gbogbo Jímọ̀, da epo ẹ́ńjìnnì ṣíbí méjì sí ihò bùjí, kí o sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí irin inú rẹ̀ má baà gbàgbé ara wọn."

Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan: màá yọ bùjí, irin kékeré tó ń ṣáná nínú ẹ́ńjìnnì, màá sì da epo sí ihò rẹ̀. Nígbà tó yá, epo ẹ́ńjìnnì wọ́n. Mo lè ránṣẹ́ sí Nàìjíríà fún un, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń ṣe àdín tà, ìgò rẹ̀ tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo sì ti ń fi í sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó ń yọ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀. Mo wá ń bi ara mi pé kí ni ìyàtọ̀? Irin ni irin, ọ̀rá ni ọ̀rá. Mo da àdín sí ihò bùjí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti rí ohun tí àwọn Faransé kò rí.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè fi àdín nìkan rìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe pé mo fẹ́ ṣe fáàrí. Mo fa epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dànù, mo fi àdín rọ́pò rẹ̀. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí ọyẹ́ dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo àdín mọ ohun tó máa ń ṣe nígbà ọyẹ́. Ó máa ń dì. Èmi tí mo dàgbà nínú àdín, tí mo ń fi ṣíbí wa á láti inú ìgò láràárọ̀ ọyẹ́, mo gbàgbé. Mo gun alùpùpù náà lọ sí ọjà Ouando ní òwúrọ̀ kan tí òtútù mú. Ó kù díẹ̀ kí n dé ọjà nígbà tí ẹ́ńjìnnì há lójijì, tí ó sì gbé mi sọlẹ̀. Àwọn àgbà ní Èṣù kì í jẹ àdín. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé alùpùpù bàbá Mẹ́tìrì náà kì í jẹ ẹ́.

Mo tì í délé. Àwọn tó rí mi rò pé epo ló tán. Nígbà tí mo tú u, písítọ̀nù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀, òrùka ara rẹ̀ ti kán. Irú rẹ̀ kò sí ní ọjà kankan mọ́. Mo kó irin rẹ̀ sínú agbada, mo fi ẹní bo ara rẹ̀ nínú ilé ìdáná àdín. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun.

Láàárín àwọn ọjọ́ yẹn ni Dòsù, ará Gùn tó ń gbé ní òpópónà wa, wá sí ilé wa. Òun ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ àdúgbò, wọ́n sì rán an pé kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ẹ̀rọ sílẹ̀. Ó kọ tèmi nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó kí ìyá mi, ó sì jáde. Bí ó ṣe ń jáde ni ìyàwó Mẹ́tìrì ń wọlé. Ó wá wo alùpùpù ọkọ rẹ̀.

Ó wo àyè tí ó máa ń wà, kò rí i. Ó wo ẹ̀yìn Dòsù. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti wá gbé e lọ ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyẹn nìkan ni mo ṣe. Mo ti tú ọ̀pọ̀ nǹkan wò láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ìdí orí tí mo mì yẹn. Mo máa ń jókòó, kí n máa wò ó yí ká. Ṣé ẹ̀rù ni? Ṣé kí wọ́n má baà sọ pé àwọn ti wí, obìnrin kò mọ ẹ́ńjìnnì? Irọ́ náà rọrùn jù. Ọdún yẹn, kò sí ẹni tí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ lè yà lẹ́nu.

Mẹ́tìrì padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ó wá bá mi nílé, ó ní kí n má sunkún, irin kò tó ẹ̀mí. Ó tún dúpẹ́ pé mo ṣe ìtọ́jú alùpùpù náà títí wọ́n fi gbé e lọ. Mo gba ìdúpẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dòsù lọ kí i kú àbọ̀, Mẹ́tìrì, tí ìyàwó rẹ̀ ti ròyìn fún, kẹ̀yìn sí i. Láti ọjọ́ náà, kò dá a lóhùn mọ́. Ìyàwó Dòsù kú, kò sí ẹnì kan láti ilé Mẹ́tìrì tó wá kí i kú ọ̀fọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ láàárín wa.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí písítọ̀nù tó bá a mu, ti alùpùpù mìíràn tí mo ní kí wọ́n gbẹ́ kéré. Ó ti pé báyìí. Ó ń dáhùn. Bí ariwo bá wà ládùúgbò ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Dòsù ránṣẹ́ pè mí. Fòfó ni mo ń pè é, bí àwọn Gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n sún mọ́ òun.

"Àbúrò mi, mo ti rò ó títí, mi ò rí ohun tí mo fi ṣẹ Mẹ́tìrì. Ṣùgbọ́n èèyàn gidi kì í bínú báyìí lásán. Ó ní láti jẹ́ pé mo ṣe nǹkan kan. Tìrẹ ló máa ń gbọ́. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé ohunkóhun tí mo ṣe, mo dọ̀bálẹ̀."

Mo ní, "Mo gbọ́, fòfó."

Ọjọ́ Àìkú yìí ni mo ṣèlérí pé màá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ mọ ayé, kí ni kí n sọ tí mo bá dé ọ̀dọ̀ Mẹ́tìrì? Ṣé kí n ti alùpùpù náà lọ, àbí kí n lọ lọ́wọ́ òfo? Ṣé ọ̀dọ̀ Dòsù ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sí, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú yẹn? Báwo ni èèyàn ṣe ń bá aláìṣẹ̀ tọrọ àforíjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Dòsù ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ṣáájú.