Oògùn Tí Mo Fún Hamdalah

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo fẹ́ sọ ọ́ wàyí, torí ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló ń jẹ ìyà ohun tí mo ṣe.

Èmi Olúrẹ̀mí ni mò ń bá àwọn ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́ tọ́jú ọmọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, nínú yàrá méjì tí mo háyà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi lọ ilé-ìwé alẹ́ ní Ìkọ̀tún. Mo lè ka ohun tí wọ́n kọ sára oògùn, nítorí náà mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Hamdalah, ọmọ Mubarakah, pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí eyín rẹ̀ ń hù. Èrìgì rẹ̀ wú, itọ́ ń dà, ó ń ké láti àárọ̀. Mo fi aṣọ tútù fún un jẹ, mo fi ìka ra èrìgì rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Tí mo bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ kẹta, lándílọ́ọ̀dù kanlẹ̀kùn: "Madam, ṣé ẹ̀ ń tọ́jú ọmọ ni àbí ẹ̀ ń pa wọ́n? Tí n bá tún gbọ́ igbe yìí, ẹ kó ẹrù yín jàre." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ti lé mi jáde nílé rí. Mo bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Ní ọjọ́ kejì ìkìlọ̀ yẹn, mo fún Hamdalah ní oògùn ikọ́ ṣíbí kan, èyí tó máa ń mú kí oorun kùn àgbàlagbà. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí a má fún ọmọdé. Ó sùn, ilé dákẹ́. Mubarakah dé, ó ní, "Àǹtí, ọwọ́ yín mà tù ú o!" Mo rẹ́rìn-ín. Ìyìn yẹn ló kì mí láyà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tí mo ti ń fún un, ṣíbí kan kò tó mọ́, mo fún un ní méjì. Ní aago méjì ọ̀sán mo pè é, kò mira. Ètè rẹ̀ ti ṣú.

Mo gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Mubarakah, Abdulganiyy ọkọ rẹ̀, àti ìyá Abdulganiyy tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn bá mi níbẹ̀. Dókítà ní, "Kí ni ọmọ yìí mu? Ẹ sọ ọ́ kí n lè mọ ohun tí màá ṣe." Mo rántí òórùn àgbo tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ náà láàárọ̀. Dókítà tún bèèrè. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Ìyá bàbá rẹ̀ máa ń fún un ní àgbo." Háà, èmi! Ìyá wò mí. Wọ́n ní, "Àgbo eyín ni o, ṣíbí kékeré kan láàárọ̀. Òun náà ni mo fún bàbá rẹ̀." Mubarakah figbe ta: "Màmá, mo ní kí ẹ má fún un!" Àgbo ni dókítà gbájú mọ́. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìgò oògùn náà nínú báàgì mi, ọmọ ń lọ lójú mi, mi ò sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ló yọ Hamdalah, kì í ṣe èmi.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Abdulganiyy kó ẹrù ìyá rẹ̀ lọ sí Ìyànà Ìpájà, ó fi Ìyá sínú ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ń sọ pé, "Bóyá èmi náà ni. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Bóyá mo ṣi ewé já."

Mubarakah tún bímọ. Wọ́n jẹ́ kí Ìyá wá síbi ìsọmọlórúkọ lánàá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ọmọ sún mọ́ wọn, Ìyá ká ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ gbé e fún Olúrẹ̀mí. Òun ló mọ ọmọ tọ́jú."

Ìyá, ẹ̀yin kọ́. Èmi ni. Ẹ forí jì mí. Mubarakah, Abdulganiyy, ìyà tó bá tọ́ sí mi, ẹ fi jẹ mí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lé Ìyá lọ́wọ́.