Ohun Tí Mo Sọ Nípa Ọwọ́ Gémáwọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ ti lọ lórí mi, n kò sì fẹ́ kí irọ́ yìí bá mi wọlẹ̀. Ogójì ọdún ni mo ti fi ìlú tí mo ti ń ránṣọ sílẹ̀, tí mo ń sọ fún yín pé iṣẹ́ ni mo wá lọ. Ìtìjú ló lé mi.

Àwa méjì la jọ ń ránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkejì mi, tí a ń pè ní Gémáwọ̀n, kì í fi tépù wọn ènìyàn. Yóò wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò ti àlùmọ́gàjí bọ aṣọ, aṣọ náà yóò sì bá ọ mu bí awọ ara rẹ. Èmi á wọ̀n ọ́, màá tún ọ wọ̀n, èjìká aṣọ á ṣì wọ́. Oníbàárà á kí mi tán, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, Gémáwọ̀n ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn a máa gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní ojú òun ti ń ṣe bàìbàì, Gémáwọ̀n ni òun yóò fi ṣọ́ọ̀bù lé lọ́wọ́. "Ìwọ, wàá máa ràn án lọ́wọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Eyín lásán ni.

Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni olólùfẹ́ rẹ̀, olùkọ́ kan tó máa ń wá dúró dè é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ fún." Kò dí mi lọ́wọ́ rí. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé èèwọ̀ ni!

Mo lọ bá àwọn gìrìpá tó ń kó ẹrù ní òpópónà wa. Mo ní, "Ọkùnrin ni Gémáwọ̀n ń fẹ́. Ṣé ẹ̀ ń wò ó níran ni, kó máa ba àdúgbò jẹ́?"

"Ṣé ó dá yín lójú, ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ."

Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀! N kò dákẹ́. Mo ní, "Ọwọ́ òsì ló fi ń gé aṣọ."

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé. Wọ́n ń pariwo ìwà mímọ́, èmi sá sẹ́yìn aṣọ tí a fi kọ́. Ó ń ké, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí!" Wọ́n fi áyọ́ọ̀nù wa rún ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí tábìlì. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ń kán. N kò jáde.

Olùkọ́ ló wá gbé e lọ. N kò gbúròó wọn mọ́. Ọ̀gá fi omijé fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan ní, "Ọlọ́run ló mú un." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ọdún kan péré ni mo tún lò níbẹ̀.

Bó bá wà láàyè, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. N kò ní kó gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gbé igi ti ènìyàn nítorí ẹni tó fẹ́ràn, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè pé: kí ni onítọ̀hún ní tí ìwọ kò ní?